Ọpọ́n Ayò Kan, Ọmọ Mẹ́ta: Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́ fún Òbí Tó Ń Kọ́ Ọmọ Nílé

Iṣẹ́: Ìṣirò, èdè Yorùbá sì bá a rìn
Kíláàsì: Àkọ́bí, ọmọ ọdún 12, èkejì, ọmọ ọdún 8, àbígbẹ̀yìn, ọmọ ọdún 5
Àkókò: Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́wàá
Ibi ìjókòó: Orí ẹní, ní pálọ̀

Ohun èlò

Ọpọ́n ayò kan, ọmọ ayò 48, abọ́ kékeré méjì, ìwé àti pẹ́ńsù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ọpọ́n, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dá ẹ̀kọ́ dúró. Kírétì onípáálí tí wọ́n fi ń ta ẹyin 30 ní ìlà márùn-ún, ihò mẹ́fà mẹ́fà ló sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé ìlà méjì kúrò lára rẹ̀, ọpọ́n ti délẹ̀ nìyẹn. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a ṣà, tí a sì fọ̀, á dípò ọmọ ayò. Bí ọmọ ọdún méjì bá wà nílé, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn o, torí ẹnu àti imú ni yóò kọ́kọ́ kó wọn sí. Ẹ fún òun ní ìkòkò àti ṣíbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, kó máa lù ú. Ariwo rẹ̀ kò ní pa ẹ̀kọ́.

Ìmọ̀ tí àwọn ọmọ ti ní

Àbígbẹ̀yìn lè ka ení dé ẹẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fo èje. Èkejì mọ ìsọdipúpọ̀ dé orí 5. Àkọ́bí ti mọ gbogbo ìyẹn, ohun tó sì fẹ́ ni pé kí wọ́n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tí kò bá ka ti àkọ́bí sí kì í dé ọjọ́ kẹta.

Èròǹgbà

Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá fi parí, àbígbẹ̀yìn yóò lè ka mẹ́rin mẹ́rin sínú ilé 12 láìfo ọ̀kan. Èkejì yóò lè sọ iye ọmọ ayò tó kù lórí ọpọ́n láìkà wọ́n. Àkọ́bí yóò lè sọ ibi tí ọmọ ayò tó kẹ́yìn máa bọ́ sí kó tó fọwọ́ kàn án. Òbí yóò lè jókòó sójú kan fún wákàtí kan gbáko.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún olùkọ́

Nígbà tí wọ́n ti àwọn ilé ìwé pa ní Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ pálọ̀ di kíláàsì lójijì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò. Ọ̀pọ̀ òbí mú rúlà, wọ́n fa ìlà sórí páálí, wọ́n ya tàímù-tébù bíi ti ilé ìwé, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́jọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́: iṣẹ́ 24 nìyẹn, fún olùkọ́ kan ṣoṣo tó tún fẹ́ dáná ọ̀sán. Nílé ìwé, olùkọ́ mẹ́ta ni yóò pín in ṣe, kò sì sí èyí tí yóò dáná nínú wọn. Kò yani lẹ́nu pé kí Ọjọ́rú tó pé, kò sẹ́ni tó tún wo páálí náà mọ́.

Àwọn mìíràn wá gba ọ̀nà kejì: kí àwọn ọmọ máa ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti wo kátúùnù títí ojú wọn fi pọ́n, inú wọn ò sì dùn.

Èmi ò gbà pé ètò àti ìgbádùn jẹ́ ọjà méjì tí òbí ní láti máa fi ọ̀kan ra èkejì. "Parí ìṣirò rẹ kó o tó ṣeré": ọmọ tó bá ń gbọ́ gbólóhùn yìí lójoojúmọ́ ti kọ́ pé ìyà ni ìṣirò. Ẹ wo àwọn eré tí ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́ràn, ayò, súwè, tẹ́ńtẹ́n, bọ́ọ̀lù. Òfin ló kún inú wọn bámúbámú. Bí ẹnì kan bá tẹ ìlà nínú súwè, kì í ṣe àgbàlagbà ló ń pariwo màgòmágó, àwọn ọmọ ni. Òfin kì í sú ọmọ. Òfin tí kò mọ ohun tó wà fún ló ń sú u.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta péré ni kí òbí dì mú ṣinṣin: aago tí a ń jókòó, ohun kan tí gbogbo ọmọ jọ ń ṣe, àti aago tí a ń dìde. Ohun yòówù tó bá kù, ó lè rọ̀. Aago tí a ń dìde yìí ni ọ̀pọ̀ òbí kì í pa mọ́. Bí ẹ̀kọ́ bá ti dùn, wọ́n á ní kí àwọn fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un, wọ́n á sì fi kún un títí àárẹ̀ á fi mú àbígbẹ̀yìn, tí ẹkún á dé. Ohun tí ọmọ máa rántí lọ́la ni ẹkún yẹn. Ẹ dìde nígbà tó ṣì ń wù wọ́n.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú

Kò sí ohun tuntun nínú kíkó ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba pọ̀ sójú kan. Ní oṣù kìíní ọdún 1907, Maria Montessori ṣí ilé àwọn ọmọdé ní àdúgbò San Lorenzo ní ìlú Róòmù, ó sì jẹ́ kí ọmọ kéékèèké àti àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méje jọ wà nínú yàrá kan, kí èyí tó kéré máa wo ọwọ́ èyí tó dàgbà. Ní Ambleside, ní àríwá England, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Charlotte Mason, tó kú lọ́dún 1923, gbà pé ẹ̀kọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ kí wọ́n tó yí iṣẹ́ padà. Ìmọ̀ràn tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù nìyẹn, torí pé ó rọrùn láti tẹ̀ lé: ẹni tó ní aago lè ṣe é.

Ti ilé wa kò gbẹ́yìn. Lọ́dún 1970, Babatunde Fafunwa àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí tí mo fi mú un wá síbí ni pé Yorùbá ni kí ẹ máa sọ lórí ẹní yìí, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn ni ẹ wà tàbí ní Peckham ní England. Èdè tí ìyá àgbà gbọ́ ń jẹ́ kí ìyá àgbà lè bá wọn jókòó, ìyẹn sì dín iṣẹ́ olùkọ́ kù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ìjókòó (ìṣẹ́jú 5)

Aago mẹ́sàn-án géérégé, òbí jókòó sórí ẹní, ó da ọmọ ayò sílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì. Ìró ọmọ ayò á fa àbígbẹ̀yìn wá. Èkejì á sáré tẹ̀ lé e nítorí kò ní gbà kí àbúrò ṣáájú òun. Àkọ́bí ló máa dé kẹ́yìn, tòun ti fóònù lọ́wọ́. Fóònù lọ sórí tábìlì. Ti òbí náà lọ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kíkún ọpọ́n (ìṣẹ́jú 10)

Àbígbẹ̀yìn ló ni iṣẹ́ yìí. Mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, kó sì máa kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ẹ má ràn án lọ́wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kankan ràn án lọ́wọ́, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bó bá fi máa kan ilé kẹsàn-án, ó ṣeé ṣe kó fi mẹ́ta síbẹ̀, kí ẹ̀kẹrin wà lábẹ́ itan rẹ̀. Ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ẹ wá bi èkejì pé mélòó ló yẹ kó wà lórí ọpọ́n. Á wo òkè, á gbé ẹnu mì, á ní 12 lọ́nà mẹ́rin, 48. Ẹ ní kó kà á. Mẹ́tàdínláàdọ́ta! Á tún un kà, mẹ́tàdínláàdọ́ta náà ni. Ọ̀ràn dé, ẹnì kan ti jí ọmọ ayò. Wọ́n á gbé ẹní sókè, wọ́n á wo abẹ́ àga, àbígbẹ̀yìn á máa fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ títí ẹ̀rín á fi tú u fó. Èmi ò tíì rí ìwé ìṣirò tó fún ọmọ ọdún mẹ́jọ ní ìdí tó tó èyí láti mọ 12 lọ́nà mẹ́rin sórí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Òfin (ìṣẹ́jú 10)

Ayò kò ní òfin kan ṣoṣo; ti ìlú kan yàtọ̀ sí ti ìkejì, ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì dúró lé e. Èyí tí a ó lò nìyí: ẹni tó kàn á kó gbogbo ọmọ inú ilé kan ní apá tirẹ̀, á máa fi wọ́n sílé tó tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òsì lọ sí ọ̀tún, títí wọ́n á fi tán. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sílé alátakò, tó sì sọ ọmọ inú rẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n. Ẹni tó bá jẹ jù ló borí.

Àkọ́bí ni kó kọ òfin yìí sílẹ̀ ní Yorùbá, ní gbólóhùn márùn-ún, pẹ̀lú àmì ohùn, lọ́nà tí ẹni tí kò rí ayò rí á fi lè ta á. Àròkọ rẹ̀ ti òní nìyẹn, ẹ kò ní láti sọ fún un. Bí ìyá àgbà bá sọ lórí fóònù láti Òṣogbo pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta á nílé àwọn, ẹ jẹ́ kí àkọ́bí gba ti ìyá àgbà náà sílẹ̀ sí ojú ìwé kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Títa (ìṣẹ́jú 20)

Àkọ́bí dojú kọ èkejì. Àbígbẹ̀yìn ló ń kó ohun tí wọ́n bá jẹ sínú abọ́, tó sì ń kéde iye rẹ̀. Lẹ́yìn ìjẹ kọ̀ọ̀kan, èkejì á kọ iye tó kù sílẹ̀. Bí abọ́ kan bá ní 9, tí èkejì ní 11, 28 ló gbọ́dọ̀ kù lórí ọpọ́n. Bí iye kò bá bára mu, a mọ ibi tí a ti máa kọ́kọ́ wò: abẹ́ itan ẹnì kan.

Ti àkọ́bí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún àwọn ilé ní nọ́ńbà, 1 dé 6 ní apá tirẹ̀, 7 dé 12 ní apá àbúrò rẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan ilé kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ilé tí èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí. Bí ọmọ ayò márùn-ún bá wà nílé kẹrin, ilé kẹsàn-án ló máa bọ́ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, á máa fi ìka tọ́ ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá yá, á ṣàkíyèsí pé àròpọ̀ lásán ni, á sì bẹ̀rẹ̀ sí yí i padà: bí mo bá fẹ́ jẹ ilé kẹwàá, mélòó ló gbọ́dọ̀ wà nílé kẹta? Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ sọ èyí fún un. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún un ti jẹ adùn rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, á na òpè, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí èkejì bá ń jìyà lójoojúmọ́, á sá fún ẹní. Àwọn kan á ní kí ẹ̀gbọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó na òun. Mi ò fara mọ́ ọn. Àbúrò á mọ̀, inú á sì bí i jù bí wọ́n ṣe nà án lọ. Ẹ fi òbí ti èkejì lẹ́yìn dípò ìyẹn, kí àwọn méjèèjì jọ máa gbìmọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní etí ara wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìyapa (ìṣẹ́jú 15)

Àbígbẹ̀yìn dìde, ó parí tirẹ̀. Èkejì kọ ìṣirò mẹ́ta péré láti inú eré òní sínú ìwé rẹ̀. Àkọ́bí gba yàrá lọ pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn yẹn ṣe pàtàkì. Nínú ilé tí ọmọ pọ̀ sí, àkọ́bí ló máa ń di olùkọ́ kékeré: gbọ́ ìwé àbúrò rẹ, mú un kọ lẹ́tà, bá mi wo ọbẹ̀ lórí iná. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dára, torí ẹni tó bá ń kọ́ni ń kọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìgbádùn àwọn àbúrò bá wá di iṣẹ́ fún un, ìlànà ilé kò tọ́. Kó ní wákàtí kan ó kéré tán lójúmọ́ tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn rẹ̀.

Àkíyèsí lórí òfin ìjọba

Ní England, Òfin Ẹ̀kọ́ ti 1996 gbà kí òbí kọ́ ọmọ nílé ìwé tàbí lọ́nà mìíràn, bí ẹ̀kọ́ náà bá ti bá ọjọ́ orí, agbára àti ẹ̀bùn ọmọ mu. Kò pọn dandan kó jẹ́ ìwé ẹ̀kọ́ ìjọba ni òbí yóò lò. Ní Jámánì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èèwọ̀. Ní Nàìjíríà, òfin UBE ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ. Ẹni tí kò sì sí nílé ìwé lè ṣe ìdánwò WAEC tí aráyé ń pè ní GCE. Àkọ́bí tó ti pé ọdún 12 ni kí ẹ máa fi ìyẹn sọ́kàn fún.

Ìgbéléwọ̀n

1. Àbígbẹ̀yìn: kó ọmọ ayò méje fún mi. Má fo èje o.
2. Èkejì: abọ́ ẹ̀gbọ́n ní 13, tìrẹ ní 8. Mélòó ló kù lórí ọpọ́n?
3. Àkọ́bí: kí nìdí tí ẹni tó bá ti jẹ 25 fi lè dìde láìparí ayò?
4. Òbí: aago mélòó lẹ dìde?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Kò sí.

Ẹ̀kọ́ tó kàn

Ọjọ́ ọjà. Kóńgò gààrí kan, owó ìyípadà, àti ìwé tí àkọ́bí yóò fi kọ iye tí wọ́n dá àti iye tí wọ́n gbà. Àbígbẹ̀yìn ni kó gbé àpò.