Àgádágodo Tí Wọ́n Pààrọ̀ Lábẹ́ Afárá Ìjọrà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Ìjọrà Badia ni mò ń gbé. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi fóònù ya fíìmù kan nípa awakọ̀ tírélà tó gbé kọ̀nténà jáde ní èbúté Àpápá, tí ẹrù inú rẹ̀ wá pòórá. A bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí: wọ́n yìnbọn pa awakọ̀ lábẹ́ afárá, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, orin ń dún kíkankíkan, a wá kọ ọ́ sójú àwòrán pé "Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú". A fi han àwọn èèyàn kan ní Ajégúnlẹ̀. Àyà ẹnikẹ́ni ò já. Ẹnì kan tiẹ̀ ń tẹ fóònù rẹ̀. Kí ni àwọn fíìmù tó ń gbé ọkàn ẹni sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ ń ṣe tí àwa ò ṣe? Ṣé owó ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, owó kọ́. Bí ẹ bá wá ìbọn tó pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹ da gálọ́ọ̀nù ẹ̀jẹ̀ ayédèrú sílẹ̀, ẹni tó ń tẹ fóònù yóò ṣì máa tẹ̀ ẹ́. Awakọ̀ yẹn ti kú kí a tó mọ̀ ọ́n. A ò mọ ohun tó ń lé, a ò mọ ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé, a ò sì mọ̀ pé ewu ń bọ̀. Ìbọn dún, ó parí. Ariwo lè ta èèyàn jí, ṣùgbọ́n kò fún òǹwòran ní ohunkóhun tí yóò fi máa retí ìran kejì.

Orí ìmọ̀ ni gbogbo rẹ̀ dá lé: ta ló mọ kí ni, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bí òǹwòran bá mọ ohun tí ẹni inú eré kò mọ̀, ọkàn rẹ̀ á gòkè, á máa kígbe níwájú tẹlifíṣọ̀n pé "Má wọlé yẹn o!" Bí ẹnì kan nínú eré bá sì mọ ohun tí òǹwòran kò mọ̀, àdììtú dé nìyẹn, òǹwòran á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtumọ̀ kiri. Nínú fíìmù tiyín, ohun kan náà ni gbogbo wa mọ̀: ọkùnrin kan kú.

Lọ tún Ṣaworoidẹ wò, fíìmù tí Túndé Kèlání gbé jáde lọ́dún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Fíìmù òṣèlú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí ẹ̀kọ́ tó jù ú lọ ní èdè wa lórí bí a ṣe ń gbé ọkàn òǹwòran sókè. Ọ̀rọ̀ kò tíì jìnnà tí wọ́n ti sọ àdéhùn ìlú Jogbo fún wa: ọba tó bá fẹ́ jẹ gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́, èyí tí kò bá sín in, tó wá dé adé idẹ, ọjọ́ tí ìlù ṣaworoidẹ bá dún sí i létí, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité tí wọ́n fẹ́ fi jọba kọ̀, kò sín gbẹ́rẹ́, nítorí ó fẹ́ rí ìlú jẹ. Láti ìgbà yẹn lọ, ibikíbi tí adé bá ti yọ, etí wa ti ń ṣọ́ ìlù. Ìran tí kò sí ewu kankan nínú rẹ̀ gan-an, tí àwọn ìjòyè kàn jókòó ń sọ̀rọ̀, ti ní ìwúwo. Nígbà tí Lágàta tó jẹ́ sójà gba ìjọba, tó ní àfi kí òun dé adé náà, kò sí ìdí fún orin kíkankíkan mọ́. Ọwọ́ onílù ni gbogbo wa ń wò.

Orson Welles ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1958 nínú Touch of Evil. Ọwọ́ kan la kọ́kọ́ rí, tó ń yí aago bọ́ǹbù. Ẹni tó ni ọwọ́ náà gbé e sínú bùútù ọkọ̀, ó sá lọ. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan wọ ọkọ̀ náà, wọ́n ń wà á lọ sí ẹnubodè Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà láàrin èrò, kámẹ́rà sì ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 3 láìgé àwòrán lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ dúró, ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ tún dúró. Tọkọtaya kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ń fẹsẹ̀ rìn nítòsí rẹ̀. Obìnrin inú ọkọ̀ ní òun ń gbọ́ ohun kan tó ń dún lórí òun. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bí Welles bá gé àwòrán yẹn níbì kan, òǹwòran á rí àyè mí. Kò fún un láyè náà. Fóònù yín lè ṣe èyí, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀, àfi kí ẹ tún un ṣe títí ẹsẹ̀ gbogbo yín yóò fi mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀.

Ọ̀nà kejì, ti àdììtú, wà nínú October 1 tí Kúnlé Afọláyan ṣe lọ́dún 2014. O lè ní ikú lòun náà fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wo ohun tó fi pamọ́ àti ohun tó fi sílẹ̀. Ojú apààyàn nìkan ló fi pamọ́. Ó jẹ́ ká mọ̀ pé ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Akote ni wọ́n ti ń pa àwọn ọmọbìnrin, pé ọlọ́pàá láti òkè Ọya, Danladi Waziri, ni wọ́n rán síbẹ̀, àti pé ó gbọ́dọ̀ mú ẹni náà kí wọ́n tó ta àsíá òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Orúkọ fíìmù náà gan-an ni gbèdéke. Òǹwòran mọ ìlú, ó mọ ọjọ́, ó wá ku ojú ẹnì kan, nítorí náà gbogbo ọkùnrin tó bá gba iwájú kámẹ́rà kọjá la ń fura sí. "Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú" tiyín kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rárá. Ẹ̀yìn ló dá wa padà sí, kò sì sọ ohun tó yẹ ká máa wá.

Afọláyan kan náà ti pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀ nínú The Figurine lọ́dún 2009. Ìtàn òrìṣà Araromire ló kọ́kọ́ sọ fún wa: ire fún ọdún 7, ibi fún ọdún 7. Lẹ́yìn èyí ló tó mú àwọn ọ̀dọ́ agùnbánirọ̀ wá, tí ọ̀kan nínú wọn rí ère nínú ojúbọ àpatì tó sì gbé e. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwa ti ń ka ọdún. Síbẹ̀ Afọláyan ò sọ bóyá òrìṣà ló ń ṣe é tàbí ọwọ́ èèyàn, a sì wo fíìmù tán tí a ṣì ń jiyàn.

Ní ti owó tí o béèrè, rántí fíìmù Jaws, ọdún 1975. Ẹja ẹlẹ́rọ tí wọ́n ṣe fún Steven Spielberg tó darí rẹ̀ ń bàjẹ́ nínú omi iyọ̀ ṣáá, ó wá di dandan fún un láti gbé e pamọ́. Ọmọbìnrin kan wọ òkun lóru, ohun kan fà á nísàlẹ̀, a ò rí nǹkan náà. Èyí tí a ò rí ló lé èèyàn kúrò létí òkun.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Ìjọrà. Ẹ ní ohun tí àwọn tó ń yáwó kọ́ ìlú ayédèrú kò ní: afárá, ojú irin tó gba Badia lọ sí èbúté, iná tírélà tó tò lọ bẹẹrẹbẹ lóru. Ẹ má pa awakọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kó sùn.

Òru ni. Tírélà dúró lábẹ́ afárá. Awakọ̀ na ẹsẹ̀ sí ojú fèrèsé, mọ́tò bọ̀ì rẹ̀ ká jọ sórí bẹ́ńṣì. Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀yìn kọ̀nténà, níbi àgádágodo, kí ẹ sì fi í síbẹ̀ pẹ́. Ọwọ́ kan wọlé pẹ̀lú ayùn. Kò rẹ́ ẹ. Ó dúró. Ẹ jẹ́ kó dúró títí òǹwòran yóò fi béèrè pé kí ló ń dúró dè. Fèrè rélùwéè dún lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀, ilẹ̀ ń mì, ìgbà yẹn ni ọwọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ àgádágodo, ariwo bo ariwo. Kí ọkọ̀ tó kọjá tán, àgádágodo mìíràn ti wà níbẹ̀, ó jọ ti tẹ́lẹ̀ bí ìbejì. Ẹ má fi orin kankan sí i.

Ilẹ̀ mọ́. Awakọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀wà àgọ̀nyìn àti búrẹ́dì. "Ọ̀gá, ata ẹ̀wà yìí ò pọ̀." Awakọ̀ lọ sẹ́yìn, ó fọwọ́ gbá àgádágodo, ó ní, "Kò sí wàhálà." Ó gun ọkọ̀. Ibí ni kí orúkọ fíìmù ti jáde.

Wo ohun tí ẹ ti rí gbà. A mọ ohun tí awakọ̀ kò mọ̀, a sì fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀ nítorí a ti bá a jókòó nídìí oúnjẹ. A ò mọ ẹni tó ni ọwọ́, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó mọ Badia débi pé ó ń fi ọkọ̀ ojú irin bo iṣẹ́ rẹ̀. Ará àdúgbò ni, tàbí ẹni tí ará àdúgbò kọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ìgbàkígbà tí fèrè rélùwéè bá dún, àyà á já, bí ìlù ṣe ń ṣe wá ní Jogbo.

Ẹ gba ohùn sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí fóònù kejì wà nítòsí àgádágodo. Èèyàn máa ń fara da àwòrán tó ṣókùnkùn, kì í fara da ohùn tó dàrú. Iná tírélà tó ń kọjá ti tó láti fi tan ìmọ́lẹ̀ sí ọwọ́ náà. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé fóònù sún mọ́ ojú irin, kí ẹ má sì kọjú rẹ̀ sí ẹnu géètì èbúté.

Nígbà tí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ padà sí Ajégúnlẹ̀, ẹ fi han àwọn tí kò rí ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì dá a dúró níbi tí orúkọ fíìmù bá ti jáde. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn. Ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ìbéèrè tí wọ́n bá kọ́kọ́ bi yín. Bí wọ́n bá ní "Ta ni ẹni yẹn?", ẹ lè máa ya ìyókù lọ. Bí wọ́n bá ní "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?", ọwọ́ àti àgádágodo ò hàn tó: ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ tún un yà.