Ẹ Jẹ́ Kí Ẹja Tutù Ná

Mo lọ sí ìpàdé àwa tí à ń di ẹja tútù sínú ike lóṣù tó kọjá, ohun tí mo rí níbẹ̀ sì ń dùn mí títí di báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní àwọn ti yọ ìgbà tí àwọn fi ń mú ẹja tutù kúrò nínú iṣẹ́ àwọn. Bí ẹja bá ti kúrò lábẹ́ ọ̀bẹ, ó di inú ẹ̀rọ. Wọ́n á fẹ́ gáàsì sí i, wọ́n á lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, yàrá òtútù á bá wọn parí ìyókù. Ó ní iṣẹ́ ti yá sí i, owó iná sì ti wálẹ̀. Ó gbé ike kan sókè, ó kún bámúbámú, ọ̀rá rẹ̀ le dáadáa. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo bi í pé ìwọ̀n mélòó ni ẹja wà nígbà tó ń wọ ẹ̀rọ. Ó ní 9 lórí Celsius, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń to ẹ̀rọ tàbí bí a ṣe ń po gáàsì, ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ mọ̀ pé carbon dioxide ló ń dá bakitéríà lẹ́kun, pé bí kò bá tó ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ inú ike, agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Àmọ́ gáàsì tó wà lókè ẹja kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Èyí tó bá yòrò sínú omi ara ẹja ló ń ṣe é: ibẹ̀ ló ti ń wọ ara bakitéríà, tó ń sọ inú wọn di kíkan, tí nǹkan ò fi ní lọ déédéé fún wọn mọ́. Omi tútù ló sì ń gba gáàsì yìí. Ní ìwọ̀n 0 lórí Celsius, lítà omi kan lè gba lítà gáàsì 1.7. Tó bá fi máa di ìwọ̀n 20, kò lè gba tó lítà kan mọ́. Ta ni kò tíì ṣí mínírà tó gbóná rí, kó rí bí gáàsì ṣe ń sá jáde?

Ike tó le gbandi tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, ohun tó fi hàn mí ni pé gáàsì ò tíì wọnú ẹja. Ike tí iṣẹ́ ti ń lọ nínú rẹ̀ máa ń rọ̀ díẹ̀. Torí ẹ̀ la ṣe ń fi àyè gáàsì sílẹ̀ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ẹja.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá mi lóhùn pé ẹja yóò ṣáà tutù ní yàrá òtútù. Yóò tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà wo? Ẹja tí gáàsì yí ká nínú ike, tí wọ́n kó ike sínú páálí, tí wọ́n tún to páálí lé páálí, òtútù kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí bakitéríà ṣì ń múra, tí wọn ò tíì máa pọ̀ sí i, ni gáàsì wa yìí lágbára lórí wọn jù. Bí wọ́n bá ti ń pọ̀, ó ti pẹ́ jù.

Grimsby ni mo ti kọ́ṣẹ́, létí òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá mi jẹ́ àgbàlagbà òyìnbó kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Tẹ̀mọ́mítà kì í kúrò lápò rẹ̀. Ibi tí ẹja ti nípọn jù ló máa ń kì í bọ̀, bó bá sì ti ju 2 lọ, ẹja náà padà sínú yìnyín nìyẹn. Awakọ̀ lè máa fọn fèrè níta, kò kàn án. Ní ọjọ́ kan tó dá iṣẹ́ gbogbo wa padà, mo kùn sí i. Kò bá mi jà. Ó mú ẹja kan, ó là á sí méjì, ó di apá kan nígbà tó tutù, ó di apá kejì ní gbígbóná, ó kó méjèèjì pa mọ́ sí yàrá òtútù. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ó pè mí, ó ṣí wọn, ó ní kí n gbóòórùn wọn. N kò kùn mọ́ láé.

Òun náà ló sọ fún mi nípa ẹran màlúù tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Ọsirélíà àti New Zealand láwọn ọdún 1930. Gáàsì yìí kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ nínú afẹ́fẹ́ ibi tí wọ́n kó ẹran sí, síbẹ̀ ẹran tí kò dì gbagidi ń la ìrìn àjò tó lé ní oṣù kan já. Òtútù bí ìwọ̀n 1 sí ìsàlẹ̀ 0 ló gbé gáàsì kékeré yẹn dé ibi tó dé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ẹja tó rùn. Ẹja tó bá rùn, oníbàárà á dà á nù. Bakitéríà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum ni mò ń bẹ̀rù: kò nílò oxygen rárá, irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ lára ẹja sì lè dàgbà láti ìwọ̀n 3.3 lọ sókè. Májèlé rẹ̀ ń pa èèyàn. Gáàsì wa sì ti dá àwọn tó ń mú ẹja rùn lẹ́kun, nítorí náà ẹja lè wà láìrùn kí májèlé ti wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n 9! Ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn, ṣé ó lè gbé ẹja náà síwájú ọmọ rẹ̀?

Ẹ ó sọ pé ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ dúró lásán. Ẹ po yìnyín wẹ́wẹ́ mọ́ omi oníyọ̀ díẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ń la ẹja máa jù ú sínú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń là á. Kì í pẹ́ tí yóò fi sún mọ́ 0. Ẹ jẹ́ kí omi ro dànù lára rẹ̀. Ẹ ki tẹ̀mọ́mítà bọ̀ ọ́, kí ẹ kọ iye tí ẹ rí sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó ṣí gáàsì. Ẹ má sì wo ti òkè agbọ̀n nìkan: ẹ wa ọwọ́ dé àárín, ibẹ̀ ni èyí tó ń tutù gbẹ̀yìn wà.