Lẹ́tà Kan Tí A Ṣì Kọ Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin òbí wa ní Òrè àti Odìgbó, ọmọ tí egungun ń ro, tí ẹ̀jẹ̀ kì í sì í tó lára rẹ̀, àwọn àgbà a máa pè é ní àbíkú. Àwọn mìíràn a ní ayé ni ó ń ṣe é. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Àkọsílẹ̀ kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa tí à ń pè ní DNA. Ó dà bí àkàbà tí a lọ́ bí okùn. Oríṣi bíríkì mẹ́rin ni a fi mọ ọ́n. Olúkúlùkù ní ṣúgà kan, fọ́sífétì kan, àti lẹ́tà kan: A, T, G tàbí C. A kì í fẹ́ ẹlòmíràn àfi T. G kì í fẹ́ ẹlòmíràn àfi C. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín, àkàbà náà a là sí méjì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan a sì tún gba ẹnìkejì tuntun. Nígbà mìíràn wọn a ṣi ara wọn fẹ́. Sẹ́ẹ̀lì a máa tún èyí tí ó pọ̀ jù lọ ṣe, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá bọ́ mọ́ ọn lójú nínú àtọ̀ tàbí ẹyin obìnrin lè di àjogúnbá.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn: GAG di GTG. Vernon Ingram, ní Cambridge, ni ó fi hàn ní 1956 àti 1957 pé ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀ nínú purotéènì pupa inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn yìí. Ìyẹn ti tó láti mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa ká bí dòjé, kí ó sì há sí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tí ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo ni à ń pè ní AS. (A yìí kì í ṣe A inú DNA o.) Ibà kì í tètè pa irú wọn ní kékeré, èyí kì í sì í ṣe nǹkan kékeré níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ bí ẹgàn Òrè. Ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà fi pẹ́ láàárín wa.

Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣi èyí gbọ́. Wọn a ní, “Àkọ́bí wa ti jẹ́ SS, mẹ́ta tí ó kù ti bọ́.” Irọ́ ni. Oyún kò mọ ohun tí ó ṣáájú rẹ̀.

Kí àfẹ́sọ́nà méjèèjì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó dá ọjọ́ ìdána, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti ra aṣọ ẹbí. Kò sí àgbo tí ń sọ AS di AA. Bí ìwé àyẹ̀wò méjì bá takora, ẹ ṣe ẹ̀kẹta níbòmíràn.

Bí ọmọ SS bá ti wà nílé, ẹ máa fún un ní omi púpọ̀, àti oògùn tí ń dènà ibà bí dókítà bá ti wí. Ẹ bi dókítà nípa hydroxyurea pẹ̀lú, tí ń dín ìrora kù. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun lójijì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọjà.