Wolé-wolé Ilé Àwọn Arúgbó

Àwọn òbí wa àgbà kò gbàgbé wolé-wolé. Bí ó bá ti yọ ní àdúgbò, kálukú a sáré da omi àmù nù kí ó má baà bá tanwíjí nínú rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lé, ṣùgbọ́n ilé tí a ti ń tọ́jú arúgbó ni èyí ń yẹ̀ wò.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ Care Quality Commission ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà láti ọdún 2009. Ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n ń bá wọlé: ṣé kò sí ewu? Ṣé ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́? Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ láàánú? Ṣé wọ́n ń ṣe ohun tí arúgbó kọ̀ọ̀kan nílò? Ṣé olórí ilé mọ iṣẹ́ rẹ̀? Láti ọdún 2015 ni ó ti di dandan kí ilé kọ̀ọ̀kan lẹ èsì rẹ̀ síbi tí àlejò yóò ti rí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1987 ni wọ́n ń tẹ̀ lé: alábẹ̀wò kì í ránṣẹ́ ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù 15 lọ kí ó tó padà wá.

Èéṣe tí wọn kì í fi í ránṣẹ́? Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ kò lè dìde lọ fẹjọ́ sùn. Ara rẹ̀ ni alábẹ̀wò yóò bi léèrè.

Àwa tí a ń gbé Crusher ní Lọ́kọ́ja níbí, kí ni ó kàn wá? Àwọn kan nínú wa ti ń fọkàn sí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba, kí wọ́n tó ti ọ̀nà físà náà mọ́ àwọn ará òkèèrè ní oṣù keje ọdún 2025. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, irú ilé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Regina Mundi wà ní Múṣín. Òfin ọdún 2017 sì dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀. Ṣùgbọ́n inú yàrá ẹ̀yìn ní Kabba tàbí Ìsánlú ni ìyá wa àgbà wà. Wolé-wolé kì í dé ibẹ̀. Àwa tí a ń lọ sílé ní ìsinmi ni ó kù.

Kí ni kí á wò? Ṣé omi wà níbi tí ọwọ́ wọn lè tó? Ṣé aṣọ ìbùsùn gbẹ? Kí á yẹ ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni egbò ti ń bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tí ó dùbúlẹ̀ sójú kan. Àwọn ìwé aláwọ̀ funfun a máa ní ibẹ̀ yóò pọ́n. Lára adúláwọ̀, ó lè ṣàì hàn bẹ́ẹ̀. Ó lè dúdú ju awọ yòókù lọ, ó lè gbóná, tàbí kí ó le bí a bá fọwọ́ kàn án. Yíyí wọn padà ní nǹkan bíi wákàtí méjì-méjì ni a fi ń dènà rẹ̀. Bí awọ bá ti bó, kí á pe nọ́ọ̀sì.

Èyí tí ó ṣòro jù ni bí a óò ṣe sọ ọ́ fún ẹni tí ó ti ń tọ́jú wọn láti ọdún tí ó ti pẹ́, tí a kò bá a gbé ike omi kan rí. Kí á má ṣe wọlé bíi wolé-wolé ìgbàanì. Kí á kúnlẹ̀ tàbí kí á dọ̀bálẹ̀: “Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ jẹ́ kí á jọ yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì.”