Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Omi Abúlé Wa Lẹ́bàá Kúárì

ÌBÉÈRÈ: Abúlé kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Asà ni mò ń gbé, kò jìnnà sí Ìlọrin. Wọ́n ń fọ́ òkúta lẹ́yìn abúlé wa. Bí dáínámáìtì bá ti dún, omi kànga á dàrú. Ti bóhòlù mọ́ gaara, àmọ́ bí mo bá pọn ọ́n sínú abọ́ funfun láàárọ̀, kó tó di ìrun Àílà ó ti pọ́n, nǹkan bí ìpẹtà á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Omi yìí la fi ń po wàrà agolo fún ọmọ-ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́ta. Mo máa ń sè é dáadáa. Ṣé ó tó?
— Àlájà kan, Asà

ÌDÁHÙN: Àlájà, ẹ kú àfaradà. Èyí tó ń pọ́n yẹn, irin ni, inú ilẹ̀ pupa wa ló sì ti sábà ń wá. Nísàlẹ̀, níbi tí atẹ́gùn kò dé, ó yòrò sínú omi. Bó bá kan atẹ́gùn nínú abọ́, ó di ìpẹtà. Aṣọ funfun ló ń bà jẹ́, kì í ṣe májèlé.

Èyí tí ojú kò rí ló ń kọ mí lóminú. Náítíréètì wà nínú oògùn tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta, èyí tí kò bá sì jó tán á bá òjò wọlẹ̀. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà ní kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló léwu fún jù: kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé atẹ́gùn bó ṣe yẹ, ètè rẹ̀ á ṣú. Síse ń pa kòkòrò, ẹ má fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú náítíréètì kúrò. Omi ló ń gbẹ, òun á wá ki sí i. Álọ́ọ̀mù náà kò ràn án.

Àmọ́ ká má tíì dá kúárì lẹ́bi o. Ṣalángá àti ìgbẹ́ màlúù náà ń mú náítíréètì wá. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò kànga kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò fi lè sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu omi kànga tó wà lókè kúárì àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò, kí wọ́n sì yẹ kòkòrò ìgbẹ́ wò pẹ̀lú. Bí kòkòrò bá pọ̀, ṣalángá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àpáta líle ló wà lábẹ́ agbègbè Ìlọrin, inú lílà rẹ̀ lomi ń gbà, nítorí náà kànga tó sún mọ́ kúárì jù lè máà ní nǹkan kan, kí ti ọ̀ọ́kán ní.

Ẹ máa wo ọwọ́ ẹni tó bá wá bu omi. Kó jẹ́ kí bóhòlù ṣàn fún ìgbà díẹ̀ ná, kó fi omi náà ṣan ike lẹ́ẹ̀mẹta. Ti kòkòrò, ìgò tí iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni, kì í ṣan tiẹ̀. Orí yìnyín ló ń wà, ọjọ́ náà ló sì gbọ́dọ̀ débẹ̀. Bó bá gbé ike mínírà kan ṣoṣo wá, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ yẹ̀ wò gan-an. Ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta ní Yunifásítì Ìlọrin lè tọ́ yín sọ́nà.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ òjé wò pẹ̀lú. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé pa ọmọdé tó lé ní 400, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù láàárín ilé. Òkúta ìkọ́lé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ èsì á fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ tiyín. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ máa fi wọn bí omi ṣe jìn sí ẹnu kànga ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó pọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí dáínámáìtì dún. Bí kúárì bá jìn, tí wọ́n ń fa omi inú rẹ̀ dànù, kànga yín lè máa fà sẹ́yìn, ìwé yẹn ló máa jẹ́rìí. Kí baálẹ̀ gbé e dání lọ bá àwọn oníkúárì: abala 116 Òfin Ìwakùsà ọdún 2007 ní kí oníkúárì bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ ní kí àyẹ̀wò omi wà nínú rẹ̀.

Ní ti ọmọ, bí ìyá rẹ̀ bá ṣì lọ́mú, ọmú nìkan tó o títí oṣù mẹ́fà. Bí kò bá lọ́mú, omi tí wọ́n ti yẹ̀ wò ni kí ẹ fi po wàrà rẹ̀ títí èsì yín á fi dé, kí ẹ ṣì máa sè é. Bí ètè rẹ̀ bá ṣú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.