Ìtọ́jú Ọmọ Kékeré tí Ọ̀fìnkìn Líle Dá Dùbúlẹ̀



Nígbàkúùgbà tí ọyẹ́ bá dé sí Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, a máa ń gbọ́ ikọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ láti ilé dé ilé, àní láàrin Mísà Mímọ́ pàápàá. Àwa a sì wí pé, “Ọ̀fìnkìn lásán ni.” Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí nígbà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn kan wà tí ó le ju ti ojoojúmọ́ lọ, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní influenza. Òun ni ẹ̀kọ́ wa lónìí, nítorí pé àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún wà lára àwọn tí ó lè pa lára jù lọ.

Àìsàn yìí kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé e wọ Èkó láti Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana nísinsìnyí. Ọkọ̀ ojú irin àti àwọn arìnrìn-àjò sì gbé e wọ inú ilẹ̀. Lùkúlùkú ni àwọn àgbà pè é. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó wọ ilé ìdílé Marto lẹ́bàá Fatima ní ilẹ̀ Pọtogí. Francisco kú ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1919, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10. Ní ti Jacinta àbúrò rẹ̀, àìsàn náà sọ̀ kalẹ̀ sí àyà rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn kan ní Lisbon, ṣùgbọ́n ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1920, ó jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2017, Póòpù Francis kéde àwọn méjèèjì ní ẹni mímọ́.

Ẹ rò ó wò. Àwọn ọmọ tí Màríà Wúńdíá fara hàn ni wọ́n, síbẹ̀ àìsàn náà kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí fún ìyá ọmọ tí ń ṣàìsàn pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó fà á, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á. Inú ikọ́ àti sísín ni ó ti ń jáde, ó sì ń bá ọwọ́ tí a kò fọ̀ rìn.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ara ọmọ á gbóná lójijì, yóò máa húkọ́, ara á máa ro ó, kò ní fẹ́ jẹun, kò sì ní fẹ́ ṣeré. Àwọn mìíràn a máa bì, tàbí kí wọ́n máa yàgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ibà tí ẹ̀fọn ń fà jọ ọ́ púpọ̀. Ẹ má ṣe fi ojú wọn ọ̀n. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìlera tí ó súnmọ́ yín kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ọjọ́ kejì ìgbóná ara náà tó dé.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀fìnkìn náà ni, ìtọ́jú ilé ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Ẹ máa fún un ní ọmú lemọ́lemọ́ bí ó bá ṣì ń mu ọmú. Ẹ fún èyí tí ó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ ní omi mímọ́, ẹ̀kọ tí ó ṣàn, àti ọbẹ̀ ẹja, díẹ̀ díẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un. Ẹ má ṣe fi aṣọ òtútù mẹ́ta bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ń gbóná. Ẹ gbé e jìnnà sí èéfín ààrò, ẹ sì ṣí fèrèsé. Parasítámọ́ọ̀lù lè rọ ìgbóná náà, ní ìwọ̀n tí òṣìṣẹ́ ìlera bá fi ìwúwo ọmọ díwọ̀n, kí ó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàrin ọ̀sán àti òru kan. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní asipirínì rárá. Àwọn kápúsù orí àtẹ kò lè pa kòkòrò yìí. Wọn yóò kàn ná owó yín dànù, wọn sì lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò pé ọdún kan ní oyin.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, a bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ gbà wá láyè kí a sọ òtítọ́. Àdín tí a kán sí ọmọ nímú lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ tàbí àgbo tí a fi àtẹ́lẹwọ́ dà sí ẹnu ọmọ tí a dì mú. Bí gìrì bá sì mú ọmọ nítorí ìgbóná ara, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ mú ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná, ẹ má sì ṣe fún un ní àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù ṣe. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ti rí i pé àgbo bẹ́ẹ̀ ń pa ọmọ tí gìrì fúnra rẹ̀ kì bá tí pa.

Àwọn àmì wọ̀nyí kò gba ìdúró, ìbáà ṣe ọ̀gànjọ́ òru: bí ọmọ kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí ó bá ń bi gbogbo ohun tí ó jẹ, bí gìrì bá mú un, bí ó bá rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí jíjí rẹ̀ fi ṣòro, bí ìsàlẹ̀ ìhà rẹ̀ bá ń wọ inú nígbà tí ó bá ń mí sínú. Ẹ ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí ó bá fara balẹ̀. Bí ó bá tó 60 fún ọmọ tí kò pé oṣù méjì, 50 fún èyí tí ó wà láàrin oṣù méjì sí ọdún kan, tàbí 40 fún èyí tí ó ti pé ọdún kan ṣùgbọ́n tí kò tí ì pé márùn-ún, ó lè jẹ́ pé òtútù àyà ti wọ̀ ọ́. Ọmọ tí kò pé oṣù méjì tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe dúró wo ohun mìíràn.

Ìyá tí ń tọ́jú ọmọ aláìsàn, tí kò sì lè wá sí Mísà ní ọjọ́ ìsinmi, kò dẹ́ṣẹ̀; Ìjọ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Kí ó dúró ti ọmọ rẹ̀, kí ó má baà kó àìsàn náà ran ọmọ ẹlòmíràn. Àwa tí a wá ni kí a bá a pọn omi, kí a sì bu oúnjẹ lọ fún un.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jẹ́ ti àwọn bàbá. Ìhìn Rere Jòhánù sọ ti ìjòyè kan tí ibà mú ọmọ rẹ̀ ní Kapanáúmù. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dìde, tí ó rin ìrìn náà dé Kánà láti wá Olúwa. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa ń ṣòwò ní Abidjan, wọn kò sì lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí, kí gbogbo ilé sì gbọ́, pé bí ọmọ bá ṣàìsàn, kí ìyá rẹ̀ má ṣe dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni kí ó tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí wọ́n sì fi owó ọkọ̀ sílẹ̀ sí ọwọ́ rẹ̀.