Ẹ́ńjìnnì tí ó ń kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti bí a ṣe lè wá ìdí rẹ̀

Àìsàn tí kì í fi ara pamọ́ kò ṣòro fún oníṣègùn láti mọ̀. Èyí tí ó ń wá tí ó sì ń lọ ni ó ń da orí ọlọgbọ́n rú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nípa ọkọ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ ohun tí ojú wa rí àti ohun tí a kọ́ ní ìsinmi tí ó kọjá.

Àwa mẹ́ta ni a wọ ọkọ̀ baba ọ̀kan nínú wa láti Ìkáràmù lọ sí Ìkàrẹ́. Ọkọ̀ yìí ni baba náà fi ń kó èrò àti iṣu lọ sí ọjà, láti inú èrè rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ́ńjìnnì jí kíá, ó sì ń lọ geere. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà gbé gun òkè, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, agbára rẹ̀ ń dínkù, ohùn rẹ̀ sì ń já bí ohùn ẹni tí òsúkè ń ṣe. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Díẹ̀ ló kù kí ó kọlù wá. A yà sí ẹ̀bá ọ̀nà. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí a tún tan ẹ́ńjìnnì, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí.

Kí ó tó di ọjọ́ náà, mẹkáníìkì kan ti gba owó lọ́wọ́ baba wa yìí nígbà mẹ́ta. Ó pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, ó pààrọ̀ asẹ́ epo, ó sì pààrọ̀ pọ́ńpù epo. Nígbàkúgbà tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ara ọkọ̀ á ti yá, òun náà á sì máa méfò. Owó tí ọmọ ìbá fi padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sórí ohun tí kò bàjẹ́. A wí fún wọn pé, “Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ẹ má tíì ra ohun kan mọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ìwé ṣọ́ ọ.” Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ṣé ìwé ni yóò wo ọkọ̀ sàn?” Ṣùgbọ́n wọ́n gbà fún wa.

Ohun tí ẹ́ńjìnnì kò lè ṣe aláìní

Ohun mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fẹ́: afẹ́fẹ́, epo, ìfúnpọ̀, àti iná tí ó ta ní àkókò rẹ̀. Nikolaus Otto, ará Jámánì, ni ó ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí ní ọdún 1876, ìlànà rẹ̀ kò sì tíì yí padà. Pisitínì a fa afẹ́fẹ́ àti epo wọ inú sílíńdà, a fún wọn pọ̀, iná a ta láti ẹnu pulọ́ọ̀gì, agbára rẹ̀ a ti pisitínì sísàlẹ̀, èéfín a sì jáde. Epo kílò kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó tó nǹkan bí kílò 15 kí ó tó lè jó tán.

Ìyípo méjì ni ẹ́ńjìnnì ń yí kí iná tó ta lẹ́ẹ̀kan nínú sílíńdà kan. Bí ó bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, iná ní láti ta ní ìgbà 1,500 nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, èyí ni ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí bá kùnà, ọkọ̀ á kọsẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń wá ìdí ni láti mọ èwo nínú ohun mẹ́rin náà ni kò dé, àti inú sílíńdà wo.

Ìgbà wo ni ó ń ṣe é?

Èyí ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ ní òwúrọ̀ òjò nìkan, kí a fura sí wáyà pulọ́ọ̀gì tí ó ti sán, nítorí ọ̀rinrin a máa fún iná ní ọ̀nà àbùjá. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń rọra yí, tí ó sì dẹ́kun nígbà tí a bá tẹ epo, kí a wo rọ́bà afẹ́fẹ́ bóyá ó ti ya. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ kété tí a ra epo titun, omi lè wà nínú epo náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò ni, ó ṣeé ṣe kí wáyà kan ti tú.

Fún ọjọ́ márùn-ún ni a fi kọ ọ́ sílẹ̀: wákàtí tí ó ṣe é, bóyá ẹ́ńjìnnì gbóná tàbí ó tutù, bóyá ọ̀nà tẹ́jú tàbí ó gun òkè, bóyá ọkọ̀ kún tàbí ó ṣófo. Kò kọsẹ̀ rí nígbà tí ó tutù, bẹ́ẹ̀ ni kò kọsẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ìgbà tí ó bá gbóná, tí ó sì ń ru ẹrù gun òkè, ni ìjà rẹ̀ ń dé.

Ìdí rẹ̀ kò ju èyí lọ: nígbà tí a bá tẹ epo gun òkè, afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni ó ń wọ inú sílíńdà, ìfúnpọ̀ a sì le sí i. Iná kò lè fi ìrọ̀rùn fo àlàfo ẹnu pulọ́ọ̀gì mọ́, àfi bí agbára rẹ̀ bá pọ̀. Kọ́ìlì ni ó ń fún un ní agbára náà. Kọ́ìlì tí ó ti sán nínú lè tó fún ilẹ̀ títẹ́jú. Bí ooru bá mú un, tí iṣẹ́ sì pọ̀, àṣírí rẹ̀ á tú.

Yíya èyí tí ó jẹ̀bi sọ́tọ̀

Ọkọ̀ ìgbàlódé ní kọ̀ǹpútà tí ó ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Bí iná kò bá ta nínú sílíńdà kan, ìyípo a fà díẹ̀, kọ̀ǹpútà a sì fi nọ́ńbà kan pamọ́. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé kí ọkọ̀ titun tí a ń tà níbẹ̀ ní irú ẹ̀rọ yìí. P0300 túmọ̀ sí pé ìkọsẹ̀ náà kò dúró sí sílíńdà kan. P0301 ń tọ́ka sí sílíńdà kìn-ín-ní, P0302 sí ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Réwáyà kan ní Ìkàrẹ́ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò: P0303. Pọ́ńpù epo kan àti asẹ́ kan ni ó ń bọ́ sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí àwọn ni ó bá jẹ̀bi ni, kì bá tí jẹ́ sílíńdà kẹta nìkan ni yóò máa jìyà.

Nígbà náà ni a ṣe ohun tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. A mú kọ́ìlì sílíńdà kẹta, a fi í sórí ìkejì, a sì mú ti ìkejì sórí ìkẹta. A kò fi ọwọ́ kan ohun mìíràn. A pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́, a tún gun òkè náà pẹ̀lú ẹrù. Ọkọ̀ kọsẹ̀. Nọ́ńbà tí ó jáde ni P0302. Àìsàn ti bá kọ́ìlì ṣí lọ. Bí kò bá ṣí ni, pulọ́ọ̀gì ni à bá tún pààrọ̀ ààyè rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ẹnu tí ń tú epo sí sílíńdà, lẹ́yìn náà a óò wọn ìfúnpọ̀.

Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, pulọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ara dá. Bí ó bá dúdú bí èédú, epo pọ̀jù. Bí ó bá tutù fún bẹntiróòlù, iná kò ta níbẹ̀. Nínú òkùnkùn alẹ́, a lè ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì kí a wo ibi tí iná ti ń fò jáde lára wáyà. Ẹ kíyè sára: ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán di wáyà náà mú, nítorí agbára rẹ̀ lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣẹ́jú lójú pátákó ìwakọ̀, ẹ rọra, ẹ dúró. Epo tí kò jó yóò lọ jó nínú páìpù èéfín, yóò sì ba ohun olówó iyebíye jẹ́.

Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀

Kọ́ìlì kan ṣoṣo ni baba rà. Ọkọ̀ gun òkè, ẹlẹgbẹ́ wa sì padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí ó tilẹ̀ pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwa tí a óò di olùkọ́ yóò bá ọmọ pàdé tí ó mọ ìṣirò ní ọjọ́ Ajé, tí kò sì mọ̀ ọ́n ní Ọjọ́rú. Ẹni tí ó bá mú pàṣán láìwádìí kò sàn ju mẹkáníìkì tí ó ń pààrọ̀ pọ́ńpù. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé ní òwúrọ̀ ni tàbí ní ọ̀sán? Ṣé ọjọ́ tí kò jẹun ni? Ṣé ọjọ́ tí ó jókòó lẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ kò ká pátákó ìkọ̀wé? Kí a yí ohun kan ṣoṣo padà, kí a mú un wá sí ìjókòó iwájú, kí a sì wò ó. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ara balẹ̀ pa èèrà, a óò rí ìfun inú rẹ̀.